Ebè Ìyàwó Ní Ilé Aláṣọ

Ẹ jókòó. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ni mo ń bá wí. Lúkúmánù, ìwọ gan-an, sún mọ́ mi níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n rọra o, má fi ẹsẹ̀ kọ ohun tí mo fi àkísà tútù bò lábẹ́ àga mi yìí. Má bi mí léèrè ohun tó jẹ́. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ẹ óò rí i.

Ìyàwó rẹ ti lọ sí ọjà Arzèkè. Mo gbọ́ ohun tó sọ kó tó gun alùpùpù zẹ́mì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, òun á ti dé, àti pé bí òun bá ti dé, gbogbo àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ni òun yóò kó dà sórí ààtàn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àyìlà tán ni. Ẹ wo oòrùn. Àkókò tí a ní kò pọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì gùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí Ràṣídá ti gbin tẹ̀tẹ̀ sínú àpò ìrẹsì méje àti bàsíà méjì tó ti fọ́. Ó ra irúgbìn inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ya àwòrán tẹ̀tẹ̀ aláwọ̀ ewé sí lára. Ó ra ilẹ̀ pàápàá. Ẹ gbọ́ o, ilẹ̀! Ní Parakou níbí, ọmọ ènìyàn ń ra erùpẹ̀ tí wọ́n fi mọ́tò gbé wá, nítorí pé kò sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nínú àgbàlá yìí tí a kò tíì fi sìmẹ́ǹtì bò. Àràárọ̀ ló ń bomi rin ín. Kò sí ohun tó hù, àfi koríko kan ṣoṣo. Láàárọ̀ yìí, ìwọ Lúkúmánù tó o jẹ́ ọkọ rẹ̀, o ní kí á má ṣèyọnu, pé sìmẹ́ǹtì la óò ká lórí oko Ràṣídá. Àwọn àbúrò rẹ obìnrin gbé tẹlifóònù, wọ́n ya koríko náà ní fọ́tò, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ káàkiri ẹbí. Ràṣídá náà bá yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá yín àti tèmi. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọn imú.

Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀rín lórí ebè tí kò hù, mo mọ ibi tó máa ń já sí.

Ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí lónìí, ilẹ̀ dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà ní igun ilé, òun là ń pè ní òkúta àlùwàlá. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ilé àti àwọn àgbà obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Bàbá mi ti gbẹ́ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìdí òkúta náà wọ àárín àwọn ebè ẹ̀yìnkùlé. Bí o bá gbé bútà, tí omi ń dà sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ, omi yẹn kì í ṣòfò. Ó ń lọ bá ata, ó ń lọ bá ilá, ó ń lọ bá ìkàn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ilé wa, kì í ṣe òwe lásán, ojú wa la fi ń rí i. Kànga kan ṣoṣo ló wà, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ẹrẹ̀ la máa ń fà jáde nínú rẹ̀, síbẹ̀ ewébẹ̀ wa kì í kú, nítorí pé ìrun kì í dáwọ́ dúró. Lónìí ẹ ní róbìnẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ ń ṣe àlùwàlá nínú balùwẹ̀, omi ń bá inú páìpù lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ẹ kò tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe ebè. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ la máa ń kó jọ sábẹ́ igi, a ó fi í sílẹ̀ títí tí kò fi ní rùn mọ́, a ó wá pò ó mọ́ eérú ìdí ààrò. A ó fi ọwọ́ fọ́ gbogbo ògúlùtu ilẹ̀ títí yóò fi rọ̀. A ó sì fi pòròpórò ọkà bàbà ṣe ọgbà yí i ká nítorí àwọn ẹtù. Ẹtù! Ariwo wọn ló ń jí wa kí ládàánì tó jí wa. Ẹyẹ náà kò nítìjú. Bí o bá lé e ní iwájú, á gba ẹ̀yìn wọlé, á sì máa wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ ni àlejò.

Ariwo kejì tó kún ilé yìí ni ti kùmọ̀ ìlùṣọ. Aláṣọ ni bàbá mi. Aṣọ tí wọ́n bá pa láró tán, a kì í kàn ká a lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀. A ó tẹ́ ẹ sórí ìtì igi ńlá kan, a ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, a ó sì fi kùmọ̀ igi lù ú, gbì-gbì, gbì-gbì, títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ tí yóò máa dán lójú oòrùn. Èmi ni mo ń lù ú. Ọwọ́ tí ẹ rí tó ń gbọ̀n yìí, ó lè lu ogún aṣọ nígbà náà kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo máa ń fi fọ́nnu. Ìfọ́nnu yẹn ló kó bá mi.

Ẹ wá gbọ́ nípa ebè ìyàwó, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà yẹn, ìyàwó tuntun kì í kàn wọ ilé wa kó kọjá sí ìdí ààrò. Ilé ìyá rẹ̀ ni yóò ti mú irúgbìn wá. Wọ́n á ya ebè kan sọ́tọ̀ fún un nítòsí òkúta àlùwàlá. Yóò gbin irúgbìn náà lójú gbogbo obìnrin ilé, wọ́n á fi ẹní àtijọ́ bò ó lórí igi kéékèèké kí oòrùn má bàa jó o, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí ẹní náà àfi ìyàwó fúnra rẹ̀ bó bá fẹ́ bomi rin ín. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ìyá ọkọ yóò wá ká ẹní kúrò. Bó bá hù, ìyàwó ti wọlé nìyẹn. Ewé tó bá kọ́kọ́ já níbẹ̀ ni yóò fi se ọbẹ̀ àkọ́sè rẹ̀ fún wa. Bí kò bá hù, wọ́n á ní kó padà lọ gba òmíràn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọn kò ní sọ pé àwọn lé e. Wọ́n kàn ní kó lọ mú irúgbìn wá.

Múnírátù, ìyàwó àbúrò bàbá mi, ni wọ́n rán báyẹn gbẹ̀yìn kí èmi tó gbéyàwó. Mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí ẹrù kékeré tó rù. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọkọ̀ ojú irin padà dé, kò sí nínú rẹ̀. Ó tún lọ, ó tún dé, kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbà á bí ìwọ̀sí, wọ́n ní ilé wo ló ń fi ewébẹ̀ wọn ọmọ ènìyàn, wọ́n sì fi í fún ọkọ mìíràn. Fún ọdún mélòó kan, bí fèrè ọkọ̀ ojú irin bá ti dún nírọ̀lẹ́, àbúrò bàbá mi á dìde dúró níbikíbi tó bá wà. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó ń wò.

Sàfúrátù, ẹni tí ẹ̀yin mọ̀ sí Ìyá Àgbà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, Ṣábẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ fún mi. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá. Eruku ti kún ojú rẹ̀, síbẹ̀ bó ṣe sọ̀kalẹ̀, mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ìró aró kan tí ìyá rẹ̀ fún un wà nínú ẹrù rẹ̀. Kí irúgbìn má bàa dànù lọ́nà, ìyá rẹ̀ ti po irúgbìn ìṣápá mọ́ eérú nítorí kòkòrò, ó sì ti rán an mọ́ inú ìṣẹ́tí ìró náà pẹrẹsẹ, tí ẹni tí kò mọ̀ kò ní fura. Èmi kò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún mi? Ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ní ọjọ́ kejì tó dé, àwọn obìnrin ilé mú un lọ kí àwọn ará àdúgbò. Mo rí ìró náà lórí okùn. Ó ti rún. Mo ní ìyàwó tèmi, ìyàwó ọmọ aláṣọ, kò gbọdọ̀ ró aṣọ tó rún. Mo tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, mo gbé kùmọ̀ tó wúwo jù lọ. Mo ń lù, mo ń kọrin. Nígbà tí mo kan ìṣẹ́tí, mo gbọ́ ohun kan tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ kùmọ̀. Mo rò pé iyanrìn ojú ọ̀nà ni. Mo tún lù ú dáadáa sí i, kí iyanrìn náà lè kúnná. Ìgbà yẹn ni mo rí eérú tó ń yọ jáde lára aṣọ.

Mo ju kùmọ̀ sílẹ̀. Mo tú ìṣẹ́tí náà wò. Ìdajì irúgbìn ti di ìyẹ̀fun. Mo ṣa àwọn tó fọ́ kúrò. Àwọn tó kù dà bí odindi lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó là sí méjì. Mo sì gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú nínú àpótí bàbá mi, mo da eérú mọ́ ohun tó kù, mo rán ìṣẹ́tí náà padà, mo sì fi ìró kọ́ sórí okùn. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo ń bá wọn ṣàwàdà.

Kí ló dé tí n kò sọ? Ojú tì mí ni. Ọkọ ìyàwó ọjọ́ méjì, kó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀ kó ní òun ti fi kùmọ̀ gún irúgbìn ìyàwó òun bí ata. Mo ní bóyá díẹ̀ á hù nínú wọn. Mo fi ọ̀rọ̀ “bóyá” yìí ṣe ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn ín, gbogbo obìnrin ilé pé jọ. Ìyá mi dúró ní iwájú wọn. Ìyá mi kì í pariwo. Bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ láìjẹ́ pé ó sọ ohunkóhun. Adíjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Sàfúrátù kúnlẹ̀, ó fi abẹ tú ìṣẹ́tí. Mo rí i tó dúró díẹ̀ nígbà tí abẹ kan òwú. Mo rò pé abẹ ọ̀hún ló kú. Lẹ́yìn náà ó da irúgbìn àti eérú sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ó ní, “Ìṣápá funfun ni. Ìyá mi kì í gbin pupa.”

Ìṣápá kì í pẹ́ hù. Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ó ti yọ orí. Ọjọ́ kẹrin kọjá. Ọjọ́ keje kọjá. Àràárọ̀ ni Sàfúrátù ń ṣí etí ẹní, á bomi rin ín, á tún un bò. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù. Mo ń lu aṣọ, kùmọ̀ ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà tó bá balẹ̀ pé èmi ni, èmi ni.

Adíjá kò jẹ́ kó sinmi. “Ìyàwó, ṣé bí ìṣápá Ṣábẹ̀ ṣe máa ń sùn pẹ́ nìyí? Tiwa níbí, ọjọ́ kẹrin ló ń jí o.” Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹtù kan já ọgbà wọlé, ó kó sábẹ́ ẹní, ó tú ilẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì jáde. Adíjá pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ wo ẹtù, ẹnu òfìfo ló fi jáde! Ẹyẹ kì í purọ́.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sàfúrátù bá wọn rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá lọ. Ẹ̀rín tí mo gbọ́ nínú àgbàlá yìí láàárọ̀, òun gan-an ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá, Sàfúrátù jókòó tì mí. Ó ní, “Kò sí ohunkóhun lábẹ́ ẹní yẹn. Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Ṣábẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Mo ní, “Yóò hù.”

Ó ní, “Kí ló fi dá yín lójú tó bẹ́ẹ̀?”

Mo pa fìtílà. Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi sùn, ìyẹn bí a bá lè pe èyí tí mo ṣe ní oorun, iná tí mo sì fi sórí òrùlé náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi dá a.

Nígbà tó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, ara mi kò gbà á mọ́. Mo lọ sí àbàtà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń dá oko ewébẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ará Dẹ́ńdì wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè rẹ̀. Mo fi èdè rẹ̀ kí i, mo ní ìṣápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni mo fẹ́, funfun ni kó jẹ́.

Ó ní, “Pupa nìkan ló wà.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa.”

Ó nàró, ó wo ẹsẹ̀ mi tí eruku bò, ó wo ojú mi. “Ìyàwó ni, àbí? Ọkùnrin kì í bẹ̀bẹ̀ báyìí nítorí ọbẹ̀.” Mo sọ òótọ́ fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ láyé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ hú wọn tilẹ̀tilẹ̀, ó kó wọn sínú àkúfọ́ igbá, ó fi ewé tútù bò wọ́n. Ó ní, “Má gbìn ín nígbà tí oòrùn bá mú o. Tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa, kí o sì bomi rin ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá rọ lọ́la, gbogbo ayé á mọ̀ pé àná ló dé.”

Ọdún Gààní àwọn Bàrùbá bọ́ sí ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀yin ń wò ó lórí tẹlifóònù báyìí. Nígbà yẹn, bí kàkàkí bá ti dún lọ́nà ààfin, kò sí ẹni tó lè dá ẹsẹ̀ dúró nílé. Àwọn ẹṣin á máa jó, àwọn tó gùn wọ́n á wọ aṣọ tí bàbá mi máa ń wò tẹ́nu rẹ̀ á máa yọ omi. Gbogbo ilé jáde. Mo ní inú ń run mí. Nígbà tí ohùn wọn jìnnà tán, tí oòrùn ti rẹlẹ̀, mo gbé àkúfọ́ igbá jáde lábẹ́ ibùsùn, mo ká ẹní náà, mo kúnlẹ̀.

 Mo ń gbìn, mo ń tẹ ìdí rẹ̀, igi ara ìṣápá náà pupa yòò lójú ilẹ̀ dúdú. Ó ku mẹ́ta. Mo gbọ́ ìró ìdérí bútà lẹ́yìn mi.

Ìyá mi ni. Kò lọ sí ibi Gààní. Ó jókòó sórí òkúta àlùwàlá, kò tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. N kò lè dìde.  Ó wẹ ọwọ́, ó fi omi ṣan ẹnu, ó bọ́jú, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, láìkánjú. Nígbà tó wẹ ẹsẹ̀ tán, omi ṣì kù nínú bútà rẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí òkúta. Mo wo omi náà bó ṣe ń bọ̀ nínú ojú omi tí bàbá mi gbẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi wọ ìdí ìṣápá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ó tún bu bútà mìíràn nínú odù omi, ó tún dà á sórí òkúta. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé lọ. Kò wẹ̀yìn.

N kò mọ̀ bóyá ó rí mi. Gbogbo òru yẹn, mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin nínú orí mi.

Ọjọ́ kẹrìnlá mọ́. Gbogbo obìnrin ilé tún pé jọ. Sàfúrátù dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, mo rí i lówùúrọ̀ náà. Kò ṣí ẹní wò láàárọ̀ yẹn. Kí ló tún fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ fún? Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó ká ẹní kúrò.

Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n dúró ṣánṣán, kò sí ọ̀kan tó rọ. Sàfúrátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Adíjá kò bo tirẹ̀.

Ó ní, “Pupa kẹ̀? Ṣebí funfun ni a gbọ́ létí gbogbo wa.”

  Mo wo ìyá mi. Kò wò mí. Ó fi ìka kan ọ̀kan lára àwọn ìṣápá náà, ó sì nàró.

“Adíjá, ilé ta ni o wà yìí?”

“Ilé yín ni, Ìyá.”

“Iṣẹ́ wo là ń ṣe níbẹ̀?”

“Aṣọ ni, Ìyá.”

“Ilé aláṣọ nìyí. Kò sí ohun tó wọ ibí tí kì í kó àwọ̀. Funfun ló gbé wá, ilé wa ló pa á láró. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́.”

 Ìyá mi di ọwọ́ Sàfúrátù mú, ó fà á lọ sí ìdí ààrò níṣojú gbogbo wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí òwe yẹn ń wí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè lọ bá a. Ó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ rí mi lọ́jọ́ Gààní. Irúgbìn Sàfúrátù kò hù.”

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé tèmi hù?”

 Ó ní nínú ilé yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ebè ìyàwó kan tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò sí nínú rẹ̀, títí kan ti Adíjá náà. Ó ju òkúta kan nù. Ó ní, “Múnírátù nìkan ni kò rí ẹni ṣe tirẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín ni. Kálukú rò pé ẹlòmíràn á ṣe é. Èmi náà rẹ́rìn-ín.” Ó padà sórí ẹ̀wà rẹ̀, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí a ti bí ọmọ kẹta ni mo tó jẹ́wọ́ fún Sàfúrátù. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, “Òwú funfun ni ìyá mi fi rán ìṣẹ́tí yẹn. Òwú dúdú ni mo tú.” Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ nígbà yẹn. Ó ní, “Mo ń dúró wo ohun tí ẹ máa ṣe.” Ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró wò mí. Nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, òógùn ń bò mí, bí mo ṣe dàgbà tó yìí.

Nǹkan wọ̀nyẹn ti lọ. Ọkọ̀ ojú irin kò mú ìyàwó wá mọ́, kùmọ̀ ti dákẹ́, kò sí ìyá ọkọ tó ń ká ẹní. N kò ní kí ẹ dá ebè ìyàwó padà. Omijé tó ti fà ti pọ̀ jù. Èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí sìmẹ́ǹtì yẹn nígbà tí ẹrẹ̀ sú mi. Ṣùgbọ́n mo rò pé a ti sin ìdánwò náà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú. Àṣé ẹ̀rín nìkan ló ṣẹ́ kù, bútà ìyá mi la sin.

Lúkúmánù, ó tó. Dìde. Ṣí àkísà abẹ́ àga mi. Tẹ̀tẹ̀ tó ti hù ni. Lẹ́yìn tí ẹ rẹ́rìn-ín tán láàárọ̀, mo gun zẹ́mì lọ sí àbàtà, èmi tí n kì í lọ kọjá mọ́ṣáláṣí mọ́. Mo wá aláwọ̀ ewé títí. Pupa nìkan ló wà.

Irúgbìn ìyàwó rẹ kò bàjẹ́, ó kàn rì wọ́n jinlẹ̀ jù ni. Tẹ̀tẹ̀ kì í fẹ́ ju kí a wọ́n ọn sórí ilẹ̀ kí a fi ọwọ́ pa á. Màá kọ́ ọ lọ́jọ́ mìíràn. Òjìji ti dé ara ògiri, ẹ kó o lọ gbìn sínú àwọn àpò yẹn báyìí. Ẹ rọra mú ìdí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ pa fọ́tò yẹn rẹ́, kí ẹ sì lọ bá ẹ̀gbọ́n yín gbẹ́ ihò. Ẹ bá mi gbé bútà mi. Ẹ̀gbẹ́ àwọn àpò yẹn ni mo ti fẹ́ ṣe àlùwàlá Àlàásárì, ẹ̀yin ni mo sì máa kọ ẹ̀yìn sí. N kò ní rí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe.

Ẹ yára. Mo ń gbọ́ zẹ́mì lójú ọ̀nà. Bó bá béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi pupa, ẹ sọ fún un pé ilé aláṣọ ló fẹ́ sí.